Ọmọ Tó Ń Jíṣẹ́ Láàárín Pálọ̀ àti Ilé Ìdáná

Mo bi ọmọ náà pé kí ni wọ́n ń pè é, ìyá rẹ̀ ló dáhùn. Mo bi í pé kíláàsì wo ló wà, ìyá rẹ̀ náà ló tún dáhùn: "SS2 ni, Nọ́ọ̀sì. Ọmọ tó máa ń gbé ipò kejì, ipò kẹta ni o. Ẹ sáà wò ó báyìí." Ọmọ ọdún 15 ni. Ó jókòó sí etí àga bí ẹni tí wọ́n máa tó rán jáde. Ó ti rí òwú kan tó já lára ìbọ̀sẹ̀ ilé-ìwé rẹ̀, ó sì ń fà á díẹ̀díẹ̀. Kí a tó parí ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, òwú yẹn ti gùn tó apá mi láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́.

Nọ́ọ̀sì ìlera ọpọlọ ni mí, Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìdílé yìí mọ̀ pé mò ń kọ ọ̀rọ̀ wọn, wọ́n sì yọ̀ǹda; mo ti yí àwọn nǹkan kan padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú àwọn ọ̀dọ́langba tí ìsoríkọ́ ń bá jà ni mo kọ ọ́ fún, torí pé ohun tó wà níwájú mi láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ó gbà mí ju oṣù méjì lọ kí n tó rí i.

Àìsàn náà kò bá orúkọ ìsoríkọ́ wọlé. Orí ló gbà wọlé. Ọmọ náà ní orí òun ń gbóná, ó ní ó dà bíi pé nǹkan kan ń rìn lágbárí òun, pàápàá tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Wọ́n ra oògùn ibà fún un ní kẹ́míìsì lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní táífọ́ọ̀dù ni, ó gba abẹ́rẹ́ ọjọ́ márùn-ún. Wọ́n ṣe gíláàsì ojú fún un. Pásítọ̀ ní kí wọ́n gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n gbà á. N kò bá wọn wí nítorí ìkankan nínú rẹ̀. Lọ́dọ̀ àwa Yorùbá, orí ni ìrònú máa ń gbà sọ̀rọ̀. Ọdẹ orí tí àwọn àgbà wa ń dárúkọ, tí oníṣègùn ọpọlọ kan ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìmọ̀ ìṣègùn ní 1987, bó ṣe ń ṣe èèyàn náà nìyẹn: nǹkan ń rìn nínú orí, ooru ń mú orí, oorun ń sá, ọkàn kì í balẹ̀. Bí ọmọ bá ní orí òun ń gbóná, tí ibà kò sì sí lára rẹ̀, ẹ béèrè bó ṣe ń sùn, bó ṣe ń jẹun, àti ohun tó máa ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ tí kò dùn mọ́ ọn mọ́.

Ọmọ tiwa yìí ti fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀. Aago mẹ́ta òru ni ojú rẹ̀ ń là, kì í sì í padà sùn. Nínú ìdánwò tó kẹ́yìn, ipò 29 ló gbé.

Ìlà kan nínú nóòtì ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń máàkì iṣẹ́, ó ṣí ẹ̀yìn ìwé, ó bá ohun tí ọmọ náà fi Yorùbá kọ síbẹ̀: "Bí mi ò bá sí mọ́, wọn ò ní rí ẹni rán níṣẹ́." Olùkọ́ náà kò pariwo, kò kà á sétí kíláàsì, kò na ẹnikẹ́ni. Ó pe ìyá ọmọ sí kọ̀rọ̀, ó fi hàn án, ó sì júwe wa fún un. Mi ò mọ̀ bóyá ó mọ bí ohun tó ṣe yẹn ti tóbi tó. Bí ọmọ yìí ṣe wà láàyè lónìí, ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dun ìyá rẹ̀ gan-an. "Torí pé mò ń rán an níṣẹ́? Nọ́ọ̀sì, ta ni kì í rán ọmọ níṣẹ́? Ṣé wọn kì í rán àwa náà ni?" Èmi ní tèmi, "bí mi ò bá sí mọ́" nìkan ni ojú mi rí. Ó tọ́ kí n rí i, torí ọ̀rọ̀ ikú ni. Ṣùgbọ́n ìyókù gbólóhùn náà, mo fò ó kọjá bí ẹni fo kòtò.

Mo ní kí ìyá jáde díẹ̀. Nígbà tó ku èmi àti ọmọ, mo bi í lójúkorojú bóyá ó ti ro ó rí láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Àwọn kan nínú wa ṣì ń bẹ̀rù pé ìbéèrè yẹn ló máa fi ìrònú ọ̀hún sí ọmọ lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí mo máa ń rí ni pé èjìká ọmọ á sọ̀kalẹ̀, torí pé ó ti rí ẹni tó lè gbọ́ ọ láìṣe họ̀ọ̀. Ó ní òun ti ń rò ó látìgbà ọdún iléyá, pé òun kò tíì mú ọ̀nà kankan. A ní ìwé ìbéèrè mẹ́sàn-án kan tí a fi ń wọn ìsoríkọ́ àwọn ọ̀dọ́, PHQ-A ni wọ́n ń pè é. Máàkì rẹ̀ jẹ́ 19 nínú 27. Tó bá ti wọ 15, a kì í fọwọ́ lẹ́rán mọ́.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni ìyá kó ọ̀tápíápíá àti gbogbo oògùn tó wà nílé lọ sí ṣọ́ọ̀bù aṣọ rẹ̀ ní Gbági, ó sì tì wọ́n mọ́ inú àpótí. A fi ẹnu kò pé ọmọ kò gbọdọ̀ dá sùn. A kọ ọ́ sórí bébà kan, ẹni tó máa kọ́kọ́ pè tí òru bá le, ẹni tó máa pè tẹ̀ lé e, àti nọ́ńbà mi. Ìyá náà sọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ sí fáìlì o." Ó ti gbọ́ pé òfin lè mú èèyàn. Òótọ́ ni pé ní ìgbà tí mò ń sọ yìí, abala 327 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn wa ka ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ sí arúfin, ẹ̀wọ̀n ọdún kan sì ni. Òfin yẹn ti pa ọ̀pọ̀ ìdílé lẹ́nu mọ́. Mo fi í lọ́kàn balẹ̀ pé a kì í ṣe ọlọ́pàá, pé ọmọ rẹ̀ kò sì tíì ṣe nǹkan kan. Ó tún ní: "Dádì ẹ̀ náà ò gbọdọ̀ gbọ́. Wàhálà wọn pọ̀." Mo gbà fún un. Ẹ fi ọkàn sí ibẹ̀ yẹn. Mo gbà pé ká tọ́jú ọmọ tó wà nílé bàbá rẹ̀ láìjẹ́ kí bàbá mọ̀, torí pé ìyá ni mo rí, ìyá ló ń sanwó, ìyá ló ń dá mi lóhùn.

Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò, kò rí ohun kan níbẹ̀ tó lè fa àárẹ̀ náà. Ó fún un ní oògùn ìsoríkọ́ tó ń jẹ́ fluoxetine, 10 mg lójúmọ́, ó sì gbé e sí 20 mg lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí ìsoríkọ́ bá ti le báyìí, a máa ń fi ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ mọ́ oògùn ni. Nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2004, TADS ni orúkọ rẹ̀, ọ̀dọ́langba 439 ni wọ́n tọ́jú, láti ọmọ ọdún 12 sí 17. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, 71 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba méjèèjì pọ̀ ni ara wọn ti ń yá. Àwọn tó gba oògùn nìkan jẹ́ 61, àwọn tó gba ọ̀rọ̀ nìkan jẹ́ 43, àwọn tó gbé hóró tí kò ní oògùn nínú mì sì jẹ́ 35. Ọdún yẹn kan náà ni àjọ tó ń bójú tó oògùn lọ́hùn-ún pàṣẹ ìkìlọ̀ sára irú oògùn yìí, pé ó lè mú kí ìrònú ikú pọ̀ sí i lọ́dọ̀ àwọn ọmọ kan. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ la máa ń ṣọ́ jù. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń rí i ní oṣù àkọ́kọ́, n kò sì fi ìyẹn ṣeré.

Ìtọ́jú ọ̀rọ̀ náà lọ dáadáa. A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nǹkan kéékèèké: kó wẹ̀ kí aago méje tó lù, kó dé ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó kọ orin kan, bó tilẹ̀ jẹ́ ní balùwẹ̀. Ó ń kọ bí inú rẹ̀ ṣe rí sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà níbi iṣẹ́ wa pé ìtọ́jú báyìí kò bá ọmọ Yorùbá mu, pé kìkì oògùn ni wọ́n mọ̀. Ní Ìbàdàn níbí, wọ́n fi ìpàdé márùn-ún péré tọ́jú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìsoríkọ́ nínú ilé-ìwé, wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ ní 2016, ara àwọn ọmọ náà sì yá ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò tíì gbà á lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, máàkì ti já sí 11. Ó rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn, mo kọ ọ́ sí fáìlì pé ìtọ́jú ti ń mú un. Wọ́n wọlé sáà tuntun. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, máàkì gun 17, oúnjẹ kò wọnú rẹ̀ mọ́, aago mẹ́ta òru padà dé. Dókítà fẹ́ gbé oògùn sókè. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan, kí n kọ́kọ́ dé ilé wọn.

Lápá Mọ́kọ́lá ni wọ́n ń gbé. Mo dé ibẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Iná ti lọ. Bàbá ọmọ náà wà lórí àga ní pálọ̀ pẹ̀lú rédíò kékeré kan. Wọ́n ní mo wá láti ilé-ìwé ni, ó kí mi dáadáa. Ìyá wà ní ilé ìdáná. Kọ́tìnnì kan ló wà láàárín wọn. Mo ka ìṣísẹ̀ tó wà láti àga bàbá dé ibi sítóòfù: méje.

"Lọ bi dádì ẹ bóyá ẹ̀bà ni wọ́n máa jẹ àbí àmàlà."

Ọmọ náà rìn ìṣísẹ̀ méje. "Dádì, Mọ́mì ní ṣé ẹ̀bà ni àbí àmàlà."

Bàbá kò gbójú kúrò lára rédíò. "Sọ fún un pé kó gbé oúnjẹ ẹ̀ jẹ. Èmi kì í ṣe alágbe."

Ọmọ náà padà. Nígbà tó dé ẹ̀yìn kọ́tìnnì, ó dúró. Ibi tí mo jókòó sí, mo ń rí i láti ẹ̀gbẹ́. Ètè rẹ̀ ń mì, bíi ti ọmọ tó ń kọ́ àkọ́sórí. Ó mí sínú, ó ta kọ́tìnnì sẹ́yìn, ó sì fi ohùn rírọ̀ sọ pé: "Mọ́mì, Dádì ní ebi kò tíì pa àwọn. Wọ́n ní ẹ ṣeun."

Jìnnìjìnnì bò mí. Láàárín wákàtí kan tí mo lò níbẹ̀, mo ka iṣẹ́ mọ́kànlá tó jẹ́. Owó gáàsì. Ta ló gbé kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó pè láti yunifásítì. Gbogbo èyí tó korò, ẹ̀yìn kọ́tìnnì yẹn ló ti ń gbé e mì, tó sì ń fi ti dídùn jáde.

Nígbà tí mo délé lálẹ́ ọjọ́ náà, mo tún gbólóhùn inú nóòtì náà kà. Bí mi ò bá sí mọ́, wọn ò ní rí ẹni rán níṣẹ́. Kì í ṣe ìráhùn ọmọ tí iṣẹ́ ilé sú. Ìbẹ̀rù ni. Ó ń rò ó pé bí òun bá kú, tọkọtaya yìí kò ní lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Ohun tó ń pa á náà ló ń dá a dúró. Mo ti ka gbólóhùn yìí sétí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta níbi ìpàdé wa, kò sí ẹnì kan nínú wa tó béèrè pé iṣẹ́ wo.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ń jẹ́ iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Aláwàdà ni, ó máa ń fi ẹ̀rín gbé e. Nígbà tó wọ yunifásítì ní ìlú mìíràn, ipò náà bọ́ sọ́rùn àbúrò. Oṣù kẹta lẹ́yìn rẹ̀ ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ọ̀sẹ̀ kẹfà tí máàkì já sí 11 ńkọ́? Ọlidé ni. Mọ́níyà ló ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Mọ́níyà. Oògùn ti ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, n kò ní gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ara ọmọ bá yá lójijì, a gbọ́dọ̀ béèrè ibi tó ń sùn.

Àwọn onímọ̀ tó gbé àwòṣe McMaster kalẹ̀ pín bí ìdílé ṣe ń ṣiṣẹ́ sí ọ̀nà mẹ́fà: bí wọ́n ṣe ń yanjú ìṣòro, bí wọ́n ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀, ta ló ń ṣe kí ni, bí wọ́n ṣe ń fi inú dídùn àti ìbànújẹ́ hàn, bí ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣe ń jẹ ẹnì kejì lọ́kàn, àti ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé nílé. Ó ràn mí lọ́wọ́ torí kò jẹ́ kí n sọ pé "ilé náà ti bàjẹ́". Kò bàjẹ́. Oúnjẹ wà, owó ilé-ìwé ń jáde, wọn kì í lù ọmọ nílùkulù, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ibi méjì ló ti ya: ọ̀rọ̀ sísọ, àti ipò tí ọmọ wà. Ní 2000, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀dọ́langba 107 tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ tọ́jú ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì tẹ̀ lé fún ọdún méjì. Gbọ́nmi-si-omi-ò-to láàárín òbí àti ọmọ wà lára ohun tó ń sọ ẹni tí àìsàn máa lẹ̀ mọ́ àti ẹni tó máa padà wá bá. Àwa tí a wà nílẹ̀ yìí kò tilẹ̀ yẹ ká ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ ọ. Láti 1954 ni oníṣègùn ọpọlọ wa, Thomas Adeoye Lambo, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí aláìsàn mú ẹbí rẹ̀ kan dání wá sí ilé ìwòsàn ọpọlọ Aró ní Abẹ́òkúta, kí wọ́n jọ máa gbé lábúlé nígbà tí ìtọ́jú ń lọ.

Mo sọ fún ìyá pé bàbá gbọ́dọ̀ wá. "Kò ní wá," ló wí. Mo bi í pé ta ló pè é tó ní òun ò wá. Ó dákẹ́. Kò sẹ́ni tó pè é. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló sọ ẹni tó lè pè é: Ìyá Mọ́níyà. Ó tún fún mi láyè láti sọ ohun tó wà nínú nóòtì fún bàbá rẹ̀. Mo tẹ Ìyá Mọ́níyà láago, mo ṣàlàyé ìwọ̀n tó yẹ. Wọn ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. "Ọmọ mi náà kọ́ ni? N ó mú un wá fún yín lọ́jọ́ Ẹtì."

Wọ́n mú un wá. Ó wọ bùbá àti ṣòkòtò tó ti lọ̀ dáadáa, ó jókòó sítòsí ilẹ̀kùn, ó ní: "Wọ́n ti sọ fún yín pé èmi ni mo ba ọmọ jẹ́, àbí?" Mo ní rárá, pé n kò tíì gbọ́ tẹnu rẹ̀, ẹ̀bi mi sì ni. Òun nìkan ni mo bá jókòó ní ìjókòó àkọ́kọ́ yẹn. Ó sọ bí iléeṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ ṣe kógbá wọlé ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, àti owó àjẹmọ́nú tí kò tíì jáde. Ó sọ ti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kan tí ìyàwó rẹ̀ sọ lójú àwọn àna pé òun lòun ń san gbogbo owó ilé-ìwé. "Láti ọjọ́ náà, Nọ́ọ̀sì, n kò bi í ní nǹkan kan mọ́. Ọkùnrin tí kò mówó wálé, ẹnu wo ló fẹ́ fi sọ̀rọ̀?" Kò ń sùn dáadáa. Kò jáde mọ́. Nígbà tí mo sọ ohun tó wà nínú nóòtì fún un, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún, ó sì ń tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, ó ń tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ. Dókítà rí òun náà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Kò tíì sí ẹni tó ṣàdéédéé bi ọkùnrin yìí pé báwo ni ara rẹ̀ láti ọdún mẹ́rin.

Mo tún bá ìyá náà jókòó lọ́tọ̀. Òun náà ní tirẹ̀: ó rẹ̀ ẹ́, ó ń bẹ̀rù pé bí òun bá la ẹnu, ìjà ni, ọmọ ló sì ń ràn òun lọ́wọ́.

Ọjọ́ tí gbogbo wọn jókòó pọ̀, Ìyá Mọ́níyà wà níbẹ̀. Mo ní kí ìyá bá bàbá sọ̀rọ̀ kan péré tó wà nílẹ̀ nílé, ohun tí kò le. Ó ronú díẹ̀, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀: "Bá mi sọ fún dádì ẹ pé wọ́n ti ní ká wá san owó WAEC." Níbẹ̀ náà, lójú gbogbo wa, àga bàbá kò sì jìnnà sí tirẹ̀ tó ìnà ọwọ́. Ìyá Mọ́níyà pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Háà."

Mo ní kí ọmọ gbé àga rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ibi tó jókòó sí tẹ́lẹ̀ láàárín wọn ṣófo. Gbogbo wa dákẹ́. Mo ń wo aago ara ògiri. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú méjì. Ó ń wù mí kí n sọ nǹkan kan, mo gé ètè mi jẹ.

"Bàbá wọn," ìyá ní, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, "wọ́n ní ká wá san owó WAEC."

"Èló ni?"

Ọ̀rọ̀ méjì péré. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Ẹ̀yìn ìyẹn ló sọ fún wọn pé òun máa ń yí iṣẹ́ padà. Mo ti bá a gbé e yẹ̀ wò tẹ́lẹ̀, òun ló sì mú ọjọ́. Kò kọ́kọ́ yé ìyá náà. "Èwo lo yí padà?" Ọmọ náà ń ka wọ́n, ó ń ka wọ́n. Ìyá dá a dúró: "Ọjọ́ ìbí mi ńkọ́? O ní dádì ẹ ní kí Ọlọ́run máa ṣọ́ mi." Ọmọ náà tẹrí ba. "Èmi ni, Mọ́mì."

Bàbá náà kò sọ pé "má bínú". Bàbá púpọ̀ láàárín wa kì í lè sọ ọ́ fún ọmọ, n kò sì bi í léèrè rẹ̀. Ó pe oríkì ọmọ rẹ̀. N kò ní kọ ọ́ síbí, tiwọn ni. Ìyá ní ó ti tó ọdún mẹ́rin tí òun ti gbọ́ ọ kẹ́yìn.

Bí mo bá dá ìtàn náà dúró síbẹ̀, mo tàn yín jẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, máàkì ọmọ ṣì jẹ́ 14. A fi ìlànà lélẹ̀: òbí kò gbọdọ̀ rán ọmọ sí ara wọn mọ́, èyí tó bá le jù, kí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ Ìyá Mọ́níyà lọ́jọ́ Àìkú. Mo sì kọ́ ọmọ náà ní ohun tó lè sọ bí wọ́n bá gbàgbé: "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá Dádì sọ ọ́ fúnra yín." A dán an wò ní ọ́fíìsì mi, ó mọ̀ ọ́n sọ.

Ó sọ ọ́ nílé. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ bí àfojúdi, ó gbá a létí.

Ẹ̀bi mi ni, n kò yí i sápá kan. Mo mú gbólóhùn inú ìwé àwọn aláwọ̀ funfun, mo fi sẹ́nu ọmọ Yorùbá, n kò sì kìlọ̀ fún ìyá pé ó ń bọ̀. Ọmọ kò wá ní ọjọ́ tí a dá. Aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ kejì ni fóònù mi dún, òun ni: òru ti le. Bébà tí a kọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló mú jáde, ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ jí, èmi ló pè ṣìkejì. Ìyá náà sùn tì í títí ilẹ̀ fi mọ́. Láàárọ̀, a rí i, máàkì 18.

Mo bẹ ìyá, mo sì jẹ́ kí ọmọ gbọ́ bí mo ṣe ń bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo bi wọ́n pé, nínú ilé tiwọn, báwo ni ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè gbé ẹrù yìí sílẹ̀? Bàbá ló dáhùn, ó sì rọrùn débi pé ojú tì mí. Ó ní ọmọ kò ní sọ pé òun ò jẹ́ṣẹ́. Bí wọ́n bá rán an, kó ní, "Ẹ jẹ́ kí n bá yín pè wọ́n." Kó pe ẹni náà, kó má gbé ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ṣì ni, ọ̀wọ̀ ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ni yóò rin ìṣísẹ̀ méje náà.

Ìyẹn ló mú un. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ tuntun kan kí ẹ tó kọ́ àwọn tó máa gbọ́ ọ. Bí ẹ bá sì ń wá ọ̀rọ̀ náà, ọwọ́ ìdílé ni kí ẹ ti gbà á. Mo ti fi èyí ṣe bárakú báyìí: bí ìyá bá dáhùn ìbéèrè tí mo bi ọmọ, mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀, bí wọ́n bá ní kí ẹnì kan nílé má gbọ́, òun ni mo máa ń fẹ́ mọ̀ jù. Kì í ṣe kí n lè dá a lẹ́bi. Òbí tí a bá ti dá lẹ́bi kò ní padà wá, ọmọ ló sì máa jìyà rẹ̀.

Ní oṣù kẹrin, máàkì jẹ́ 8. Ní oṣù kẹfà, 4. Iye oògùn kò yí padà, kò sí ìdí láti gbé e sókè mọ́. Kò tíì fi í sílẹ̀. Ó yẹ kó lo oṣù mẹ́fà sí ọdún kan sí i lẹ́yìn tí ara ti yá, dókítà sì ti ní lẹ́yìn WAEC ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bàbá náà kò tíì ríṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń sùn. Àwọn méjèèjì ṣì máa ń jà, ní tààràtà báyìí, Ìyá Mọ́níyà sì ń gbọ́ ẹjọ́ lọ́jọ́ Àìkú.

Mo dé ilé wọn lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó dín ìbẹ̀wò kù. Iná wà lọ́jọ́ náà. Ìyá ké láti ilé ìdáná pé kí ẹnì kan wá gbé oúnjẹ. Bàbá pa rédíò, ó dìde, ó ta kọ́tìnnì sẹ́yìn, ó wọlé. Mo gbọ́ ohùn wọn níbẹ̀, n kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ọmọ náà wà nídìí tábìlì, ó ń ṣe ìṣirò. Kò gbójú sókè.